Bàlúù tàbí dróònù tó ń fín kẹ́míkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín: bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ogbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́, ní Ìkòyí-Ilé, Ajáàwà, Ìrẹsà àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ yìí, torí ilé àti oko ti ń wọnú ara wọn. Ibi tó jẹ́ oko kájú àti oko ẹ̀gẹ́ nígbà tá a wà ní kékeré, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, àwọn lánlọ́ọ̀dù ń kọ́lé lọ síwájú, àgbẹ̀ náà ò sì lè ká oko ẹ̀ kó gbé e sá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fín oògùn máa ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn ni, ẹ máa rí i, ẹ mọ orúkọ ẹ̀, ẹ lè pè é pé "Bọ̀dá, atẹ́gùn ń gbé e wá sílé wa o", á sì dúró. Ní báyìí ohun tó ń fò ni, ariwo ẹ̀ ló máa jí àwọn ọmọ, ẹni tó ń darí ẹ̀ sì lè wà lọ́hùn-ún níbi tójú yín ò tó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé orí ilẹ̀ la ti ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí nǹkan náà tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tó bá ti wà lókè tí gbogbo àdúgbò ń pariwo lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fò

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń fín kẹ́míkà. Bàlúù tó ń lọ balẹ̀ ní Ìlọrin lè gba òkè wa kọjá, hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá tàbí ti sójà lè kọjá, dróònù kékeré tí wọ́n fi ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ti àwọn sọ̀fíyọ̀ náà wà níta. Èyí tó ń fín kẹ́míkà yàtọ̀. Ó tóbi, ó ní apá mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lórí wọn, táǹkì wà lára ẹ̀ tó sábà máa ń gba lítà 10 títí dé 40, gíga ẹ̀ sórí ohun ọ̀gbìn ò sì sábà ju nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta lọ. Kì í rìn gbéregbère, á lọ gbọọrọ, á yí, á tún padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe títí ilẹ̀ yẹn á fi tán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á balẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì kí wọ́n sì rọ kẹ́míkà míì sí i. Ẹ ṣọ́ ibi tó ń balẹ̀ sí dáadáa, torí ibẹ̀ lẹ ti máa bá ẹni tó ń darí ẹ̀ àti àwọn gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà.

Bàlúù gidi tó ń fín oògùn, ẹyọ ẹ́ńjìnnì kan ló máa ń ní, ìyẹ́ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, páílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé, August 3, 1921 ni John Macready, páílọ́ọ̀tì ológun Amẹ́ríkà, gbé bàlúù da oògùn kòkòrò sórí oko igi kan nítòsí ìlú Troy ní Ohio. Ní Nàìjíríà wa, apá Àríwá la ti ń gbọ́ ọ jù, bíi Kébbí, Sókótó, Jígáwá àti Yòbè, nígbà tí ìjọba bá ń fín oògùn lé àwọn ẹyẹ quelea tó máa ń ya bo oko ọkà bàbà àti ìrẹsì. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì torí ohun tó gbé yàtọ̀ síra gan-an, àwọn bàlúù ńlá bíi Air Tractor AT-802 ń gbé tó lítà 3,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí bàlúù bá dé ìparí oko, á gbórí sókè lójijì, á wá yí kó tó padà, orí ilé yín ló sì lè ti yí. Lásìkò tó ń yí yẹn ó yẹ kí omi ẹ̀ ti wà ní títì. Torí náà ẹ wòye dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé ó fín sórí ilé, ẹ wò ó bóyá nǹkan ń jáde lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ àbí kò sí.

Tẹ́ ẹ bá rí bàlúù gidi, ẹ wá nọ́ńbà ẹ̀. Gbogbo bàlúù tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, 5N- ni nọ́ńbà ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i lára ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ ìyẹ́.

Ọ̀rọ̀ gíga wá ńkọ́? Òfin tí gbogbo ayé ń lò fún bàlúù ni pé tó bá wà lórí ìlú tàbí ibi tí ilé ti pọ̀, kò gbọ́dọ̀ fò nísàlẹ̀ mítà 300, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 1,000, lókè ohun tó ga jù láàárín mítà 600 sí i. Níbi tí kò sí ilé púpọ̀, mítà 150 ni, àfi tó bá ń gbéra, tó bá ń balẹ̀, tàbí tó bá ní ìyọ̀ǹda. Iṣẹ́ oko wà lára ohun tí wọ́n ń fúnni níyọ̀ǹda fún, torí náà kó fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí oko nìkan, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ fi bàlúù fín oògùn lórí ibi tí èèyàn pọ̀ sí gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kó sì kéde fáráàlú ṣáájú, bóyá lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn tàbí láti ilé dé ilé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), láti òfin ọdún 2009 wọn, wọ́n ti fòfin de fífi bàlúù fín oògùn, àfi ibi tó bá pọn dandan tí wọ́n sì gbàyè. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé bíbéèrè pé kí wọ́n máa sọ fún wa ṣáájú kì í ṣe àṣejù rárá.

Ìgbésẹ̀ 2: atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́

Ariwo ló máa ń já wa láyà, àmọ́ ariwo kọ́ ló ń wọ kànga. Ìkán kẹ́míkà kéékèèké tí atẹ́gùn gbé kúrò lórí oko ni ìṣòro. Ìkán tó bá tóbi á já bọ́ kíákíá síbi tí wọ́n fẹ́, èyí tó bá kéré sí nǹkan bíi maikrọ́ọ̀nù 150 (maikrọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan) ló máa ń léfòó lójú atẹ́gùn, ibi tó bá wù ú ló ń lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹ lè mọ ibi tó máa gbà. Láti bíi November sí February, atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń fẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀, torí náà ilé tó bá wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn oko ló máa gba tiẹ̀. Tí òjò bá ti wọlé, atẹ́gùn á yí padà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn lá ti máa wá, ilé tó wà lódìkejì ló wá kàn. Ẹ jáde síta lọ́la, ẹ wo ibi tí oòrùn ti yọ, ẹ wo ibi tí oko wà sí ilé yín, ẹ máa mọ oṣù tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra jù. Kájú ń tanná gan-an lásìkò ọyẹ́, igi kájú ga, pọ́ǹpù ẹ̀yìn ò dé orí ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí dróònù fi wu àwọn olóko kájú. Ti àgbàdo, ìgbà òjò ni, láti ọdún 2016 tí kòkòrò fall armyworm ti wọ Nàìjíríà làwọn àgbẹ̀ ti ń fín oògùn lemọ́lemọ́ kí oko má baà run. Ẹ ò lè bínú sí wọn torí ìyẹn, oúnjẹ wa náà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé o. Wọ́n rò pé ìgbà tí atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, ló dáa jù láti fín. Irọ́ ni. Ẹ wo èéfín láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́, nígbà táwọn ìyá tó ń yan gàrí bá dáná, èéfín yẹn á gùnkè díẹ̀, á wá dúró, á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí àwọn ilé bí ẹní, kò ní lọ sókè mọ́. Ohun tó ń fà á ni pé ilẹ̀ ti tutù lóru, atẹ́gùn ìsàlẹ̀ tutù ju ti òkè lọ, kò sì sí ohun tó máa gbé e gòkè. Bí wọ́n bá fín kẹ́míkà nírú wákàtí yẹn, bí èéfín ṣe ṣe yẹn náà ni ìkán kékeré yẹn máa ṣe, á dúró lójú kan, atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan á wá rọra tì í lọ sí àdúgbò tó jìn tẹ́ni kankan ò retí ẹ̀. Irọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Torí náà kí èéfín ti máa lọ sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó dáa ni èyí tó rọra ń mi ewé, bíi kìlómítà 5 sí 15 ní wákàtí kan, tó sì ń fẹ́ kúrò níbi tí ilé wà. Tó bá ti ń gbé eruku àti bébà, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ so náílọ̀nù tín-ínrín mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan láàlà ilé àti oko, ó tó, kò gba owó, olóko pàápàá máa wò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ lọ bá olóko kí àsìkò tó dé

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fi ọkàn sí jù. Ẹ má kó èrò lọ. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó, kí baálẹ̀ tàbí alága lánlọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ ìgbà tí inú ò bí ẹnikẹ́ni. Ẹ kí i bó ṣe yẹ ká kí àgbẹ̀: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, àroko bọ́dún dé o. A ò bá ìjà wá o. Ọ̀rọ̀ oògùn tí ẹ máa fín la bá wá, ká lè jọ mọ bá a ṣe máa ṣe é tí kò fi ní pa tiyín lára tí kò sì ní pa tiwa." Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni ó ń bójú tó oko fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ gba nọ́ńbà ọ̀gá ẹ̀, torí ọmọ yẹn lè má láṣẹ láti yí nǹkan kan padà.

Ẹ bi í ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa fín, ẹ bi í ní ẹni tó ni dróònù. Ẹni tó ń lo dróònù fún iṣẹ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ NCAA, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ó sì tún ní láti gbàwé lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Onídróònù tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú tẹ́ ẹ bá ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Tó bá ń sọ kántankàntan, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá ṣe.

Lẹ́yìn náà, orúkọ kẹ́míkà. Ẹ má gbà kó kàn sọ pé "oògùn koríko ni". Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ara gálọ́ọ̀nù, ibi tí orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é wà, nọ́ńbà NAFDAC (àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti kẹ́míkà), àti wákàtí tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi wọ oko lẹ́yìn tí wọ́n bá fín in. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé NAFDAC ti fòfin de paraquat (oògùn koríko) láti January 1, 2024, chlorpyrifos (oògùn kòkòrò) láti November 1, 2024, atrazine (oògùn koríko) láti January 1, 2025. Mo mọ̀ pé ẹ ṣì lè rí wọn lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú orúkọ yìí lára gálọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́, ẹ ní ẹ ò gbà. Àwọn oògùn kòkòrò bíi cypermethrin àti lambda-cyhalothrin ò sí lára èyí tí wọ́n fòfin dè yẹn, àwọn àgbẹ̀ ń lò wọ́n gan-an, àmọ́ wọ́n ń pa ẹja, wọ́n ń pa oyin, torí náà ẹni tó ní odò ẹja tàbí ilé oyin nítòsí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta níjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín fún un. Ẹ tọ́ka ibi tí kànga wà, ibi tí ilé ìwé wà, ibi tí wọ́n ń sá láfún, ilé ẹni tó ní ikọ́ fée, aboyún, ọmọ ìkókó. Olóko ò lè mọ̀ tẹ́ ẹ ò bá sọ.

Ohun tẹ́ ẹ lè bẹ̀ ẹ́ ni wọ̀nyí, wọ́n ṣeé ṣe gbogbo ẹ̀: kó pè yín lọ́jọ́ kan ṣáájú, kó má fín nígbà tí atẹ́gùn bá ń kọjú sí ilé, kí dróònù má yí lórí ilé, kó sì fi àwọn poro tó sún mọ́ ilé sílẹ̀ fún pọ́ǹpù ọwọ́ tí ìkán ẹ̀ tóbi. Ìkẹyìn yẹn rọrùn fún onídróònù ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí lójú fóònù tó fi ń darí ẹ̀ ló ti máa ń ya ààlà ibi tó máa fín kó tó gbéra, kó kàn fa ìlà yẹn sẹ́yìn ni. Ẹ ní kó fi ìlà náà hàn yín, kẹ́ ẹ jọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ 4: lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa fín

Ogbómọ̀ṣọ́ la wà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí láfún. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n wá sá sórí àpáta tàbí tapólì, ọjọ́ mélòó kan ló máa wà níta gbangba, ó funfun, ó rọ̀, ó ń fa omi mu, kò sí bí ìkán kẹ́míkà ṣe máa bà lé e tó máa hàn sójú. A ò sì ní fọ̀ ọ́ mọ́, ọlọ ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ omi gbígbóná, ó di àmàlà. Torí náà ẹ kó láfún wọlé, àti èlùbọ́ iṣu, àti ata tí ẹ sá, kí nǹkan náà tó gbéra, ẹ má kàn da nǹkan bò ó. Èyí tó bá sì ti bá níta tí ẹ rí i pé ó fọ́n sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó dunni, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa nílò ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó ìtanràn.

Ẹ dé kànga pa. Ẹ fa rọ́bà tàbí páìpù tó ń gba omi òjò látorí páànù kúrò lẹ́nu táǹkì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfínkẹ́míkà fọ páànù náà dànù kẹ́ ẹ tó tún gbà á. Ẹ ká aṣọ wọlé. Omi adìyẹ àti ewúrẹ́, ẹ dà á nù, ẹ fún wọn ní tuntun lẹ́yìn náà. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sóko, kí àwọn ọmọ wà nínú ilé, tó bá jẹ́ wákàtí ilé ìwé kẹ́ ẹ ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwé kó má jẹ́ kí wọ́n jáde lọ ṣeré lásìkò yẹn. Ẹlẹ́jà á fi nǹkan bo odò ẹ̀ tó bá kéré. Oníoyin á ní kí wọ́n fín in nírọ̀lẹ́ tí oyin bá ti padà sílé àmọ́ kí oòrùn má tíì wọ̀, kí wọ́n má sì fín sórí òdòdó kájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Tí wọ́n bá parí, ẹ fi omi àti ọṣẹ nu tábìlì ìta, ìjókòó, ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ inú ọgbà yín dáadáa, èyí tó bá sì wà lẹ́bàá ààlà gan-an, ẹ fi sílẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù pé èèyàn lè kórè á fi pé.

Ìgbésẹ̀ 5: tó bá bá yín lójijì

Ẹ wọlé. Ìyẹn ló ṣáájú fídíò. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ jẹ́ kí ẹni kan ṣoṣo dúró sójú fèrèsé kó máa ya á.

Ẹ̀yin ọdẹ àdúgbò, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ má yìnbọn sí i, ẹ má sọ òkò, ẹ má fi kànnàkànnà ta á, ẹ má tan iná lésà sójú páílọ́ọ̀tì. Bàlúù tó fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò ní àyè láti ṣàtúnṣe, tó bá já, orí ilé wa ló máa já sí pẹ̀lú epo àti kẹ́míkà nínú ẹ̀, dróònù náà wúwo gan-an tí táǹkì ẹ̀ bá kún. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè torí ẹ̀ ti èèyàn mọ́lé ni pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ti mú kí ara máa fu gbogbo wa sí ohun tó bá ń fò tá ò mọ̀, pàápàá ní apá Òríirẹ, bẹ́ ẹ bá rí èyí tí ẹ fura sí, tí kò sí lórí oko kankan, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ni kẹ́ ẹ pè, nọ́ńbà 615 wà fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 112 wà fún gbogbo Nàìjíríà.

Tí kẹ́míkà bá kan èèyàn lára, ẹ bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀ kíá, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, tòun torí. Tó bá jẹ́ ojú ni, omi mímọ́ nìkan, ìṣẹ́jú kan náà, kó la ojú ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ omi, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Tó bá fà á símú, ẹ gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn dáa wà. Tó bá wọlé sẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé epo pupa la bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, àmọ́ epo lè gba ọ̀nà atẹ́gùn inú ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè mú kí àwọn kẹ́míkà kan tètè wọ ara. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà. Tó bá jẹ́ paraquat, ẹ má dúró wò ó bóyá ó ti ń yá, torí kò sí oògùn tó ń pa á, ara èèyàn lè dà bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àmì tó yẹ kó lé yín lọ́nà ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni kí itọ́ máa dà, kí omijé máa dà, òógùn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí iṣan máa fò, kí ẹyinjú dúdú kéré tínńtín, kí mímí ṣòro. Ní Ogbómọ̀ṣọ́, ọsibítù LAUTECH àti ti Bowen wà níbẹ̀, ní Ọ̀yọ́ ẹ gbà ọsibítù ìjọba lọ. Ẹ mú fọ́tò ara gálọ́ọ̀nù yẹn dání, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn, irú kẹ́míkà tó jẹ́ ló máa sọ irú ìtọ́jú tó máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ̀rí

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bó ṣe jìnnà sí ilé, iye ìgbà tó kọjá, àwọn tó wà níbẹ̀. Nínú fídíò, ẹ jẹ́ kí nǹkan tí kì í kúrò lójú kan wà níbẹ̀, bíi òpó iná, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, igi máńgòrò, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ ibẹ̀ àti gíga ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí náílọ̀nù orí ọ̀pá yẹn hàn níbẹ̀. Ẹ má gé fídíò náà, ẹ má fi orin sí i, ojúlówó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú, torí tẹ́ ẹ bá kàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń fún un pọ̀, ọjọ́ àti wákàtí á kúrò lára ẹ̀.

Ewé máa ń sọ òótọ́, àmọ́ ó ní àkókò tiẹ̀. Nínú àwọn oògùn koríko, paraquat máa ń jó ewé ní tó-tò-tó láàárín ọjọ́ kan sí méjì. 2,4-D máa ń lọ́ ọ, ewé tòmátì á ká, igi ẹ̀ á wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Glyphosate máa ń pẹ́, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé tuntun lá kọ́kọ́ funfun tàbí kó pọ́n. Nítorí náà ẹ máa ya fọ́tò ewé kan náà lójoojúmọ́, ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò láti ẹ̀bá ààlà wá sí ẹ̀yìn ilé, tó bá jẹ́ kẹ́míkà ló wá látoko, ẹ̀bá ààlà lá ti bàjẹ́ jù. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọgbà ló bàjẹ́ bákan náà, ó lè jẹ́ àìsàn tàbí òùngbẹ. Ẹ fi náílọ̀nù tó mọ́ bọ ọwọ́, ẹ já ewé díẹ̀ sínú náílọ̀nù míì, ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sí i, ẹ gbé e sínú fíríísà. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Àwọn tó mọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn wà ní Yunifásítì LAUTECH, ẹ gbé ewé lọ síbẹ̀ kí wọ́n bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ò mọ̀: ọ̀pọ̀ dróònù oko ló ń tọ́jú ibi tó gbà àti ibi tó fín sí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀. Ẹ ní kí onídróònù gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn jáde níwájú baálẹ̀. Ó lè dá a láre, ó lè dá yín láre, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ariwo á dín kù.

Ìgbésẹ̀ 7: ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ

Olóko ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní káńsù yín. Ọ̀pọ̀ ló ń parí sí ibẹ̀. Tí kò bá parí, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má kàn lọ sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ fífò, NCAA ló ni ín. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n fòfin dè tàbí tí kò ní nọ́ńbà, NAFDAC ni, wọ́n ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn. Tó bá ti wọ odò tàbí kànga, ẹ gbé e lọ sí NESREA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká) àti iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká ní sẹkitéríàtì Àgòdì, n'Ìbàdàn. Lẹ́tà kan náà lẹ lè kọ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ojú ìwé kan tó, kí ọjọ́, wákàtí, ibi àti ohun tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ so fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Ẹ gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tiyín nígbà tẹ́ ẹ bá fún wọn, ẹni tí kò bá gba sítáǹpù, lẹ́tà ẹ̀ lè sọnù kó má sì rí ẹ̀rí pé òun kọ ọ́.

Tí ẹ̀yin àti olóko bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i lójú baálẹ̀: nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n máa pè, iye wákàtí tí wọ́n máa fi sọ ṣáájú, poro tí dróònù ò ní dé, ibi tí atẹ́gùn ò gbọ́dọ̀ kọjú sí, àti ẹni tó máa sanwó tí láfún tàbí ẹja bá bàjẹ́. Ẹ fún ọ̀gá ilé ìwé ní ẹ̀dà kan. Tí oko bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì tàbí tí wọ́n gba onídróònù tuntun, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú lọ bá a, kó tó di pé àsìkò ìfínkẹ́míkà tó kàn dé.